Ẹni tó jogún sáfà àtijọ́ lè jogún olè tó wà nínú rẹ̀

Bí bàbá bá kú tó fi ilé sílẹ̀, ọmọ tó gbọ́n kì í kó ẹrù wọlé lọ́jọ́ kejì. Yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ta ni bàbá fún ní kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn mélòó ni ilé náà ní, èwo nínú wọn ni kò tì dáadáa mọ́. Bí kò bá béèrè, ilé á jẹ́ tirẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò máa wọlé, tí yóò máa jáde níbẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kó àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn pamọ́ sí. Ilé iṣẹ́ kan á ra òmíràn, ìjọba á da àjọ méjì pọ̀, ẹgbẹ́ á yan akọ̀wé tuntun, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó mọ ìdí ẹ̀rọ náà á bá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá kù nílẹ̀ ló jogún ẹ̀rọ. Ó jogún àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, ó jogún ihò ara rẹ̀, nígbà mìíràn ó sì jogún olè tó ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Àmọ́ bí aláǹgbá bá ti wọlé kí o tó gba ilé, dídí ògiri nìkan kò tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá kò tètè mọ̀ nìyẹn, òun náà ló sì yẹ kí àwa tí orúkọ àti owó wa wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

KÍ LÓ KAN ARÁ ADAKPLAMÈ?

Ẹnìkan lè sọ pé, “Èmi tí mò ń ta àgbàdo àti gàrí ní Adakplamè, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ sáfà?” Ó kàn án gan-an ni. Adakplamè jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́fà tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kétu. Ẹni tó bá bímọ níbẹ̀ yóò gba ìwé ìbí. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì ìdánimọ̀ yóò ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ ANIP, àjọ tó ń ṣètò ìdánimọ̀ àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó ọjà lórí fóònù, ì báà jẹ́ MoMo ì báà jẹ́ Moov Money, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tó kù sínú àpò rẹ̀ wà lórí sáfà kan níbì kan. Ẹni tó bá yá owó oko lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ kékeré, gbèsè rẹ̀ kò sí nínú ìwé ńlá mọ́, inú ẹ̀rọ ló wà.

Sáfà kò ju kọ̀ǹpútà lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí tábìlì ni pé kì í sùn, àti pé àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù mìíràn ló máa ń dáhùn ìbéèrè wọn. Ẹ fi wé alájàpá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àṣírí yín láti wo iye owó yín, fóònù yín ń bi sáfà léèrè ni, sáfà náà ló sì ń dáhùn.

Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ní ìkànnì service-public.bj, níbi tí èèyàn ti lè béèrè fún onírúurú ìwé láìrìnrìn-àjò. Ní ọdún 2022, ìjọba da àjọ mẹ́rin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìbánisọ̀rọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n sì pè é ní ASIN. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni ANSSI, tó ń ṣọ́ ààbò ẹ̀rọ ìjọba. Ohun tó dára ni kí iṣẹ́ wà lójú kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti da àjọ pọ̀ lágbàáyé, ìbéèrè kan náà ló ń jáde: ẹ̀rọ wo la bá níbẹ̀, báwo ló ti dàgbà tó, ta ló sì tún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

ILÉ ÌTURA TÓ RA ILÉ ÌTURA, TÓ RA OLÈ MỌ́ ỌN

Ìtàn tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ ni ti Marriott, ilé iṣẹ́ ilé ìtura ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Marriott kéde pé òun fẹ́ ra ilé iṣẹ́ ilé ìtura mìíràn tó ń jẹ́ Starwood. Wọ́n parí rírà náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là. Marriott gba ilé, ó gba òṣìṣẹ́, ó sì gba àwọn sáfà tí Starwood ń kọ orúkọ àwọn àlejò rẹ̀ sí.

Ohun tí Marriott kò mọ̀ ni pé láti oṣù Keje ọdún 2014 ni olè ti wọ inú ẹ̀rọ Starwood. Wọ́n fi ètò kékeré kan pamọ́ sórí ẹ̀rọ kan níbẹ̀, ètò yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn láti òkèèrè. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọ̀gá ẹ̀rọ kó, wọ́n sì ń rìn nínú ilé bí ẹni tó ni ín.

Àmì kan tilẹ̀ ti hàn. Lóṣù kan náà tí wọ́n kéde ìdúnàádúrà náà, ní 2015, Starwood fúnra rẹ̀ sọ fún aráyé pé òun rí ètò olè lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó ní ilé ìtura rẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́ta ní Amẹ́ríkà Àríwá. Wọ́n ní ìyẹn kò kan ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá gbọ́ pé olè jà ní ìloro, ṣé kò yẹ kó wo iyàrá?

Marriott ní lọ́kàn láti pa ẹ̀rọ Starwood tì, kí ó kó gbogbo àlejò sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Kí iṣẹ́ yẹn tó parí, wọ́n jẹ́ kí ti àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ lọ. Ibi tí ewu ti pọ̀ jù nìyí. Ẹ̀rọ tí a bá ti pinnu pé a ó sọ nù láìpẹ́, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ná owó lé e lórí mọ́. “Láìpẹ́” yẹn a sì máa di ọdún méjì.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni ẹ̀rọ ìṣọ́ kan dún. Ẹnìkan tó ń lo orúkọ ọ̀gá ẹ̀rọ kan béèrè pé orúkọ mélòó ló wà nínú àkọsílẹ̀ àlejò. Wọ́n bi ẹni tó ni orúkọ náà, ó ní òun kọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé, tí wọ́n sì rí i pé olè ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ọdún méjì nínú mẹ́rin yẹn, Marriott ló ni ilé.

Àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 339 àkọsílẹ̀ àlejò ló kàn káàkiri ayé. Mílíọ̀nù márùn-ún ó lé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ló wà níbẹ̀ láìbò, tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àjọ náà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 18.4 pọ́n-ùn lé Marriott lórí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Marriott tún gbà láti san mílíọ̀nù 52 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Marriott kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn fún olè náà lọ́dún 2014. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ilé ló gba ẹjọ́ rẹ̀.

ÀWỌN OLÈ TÓ Ń FÚNRA WỌN NÍ ÀKÓKÒ NÍ ÌWỌ̀-OÒRÙN ÁFRÍKÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Group-IB pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Orange gbé ìwádìí kan jáde nípa ẹgbẹ́ olè kan tí wọ́n sọ ní OPERA1ER. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ. Láàárín ọdún 2018 sí 2022, wọ́n kọlu ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ ìsanwó àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ju ìgbà ọgbọ̀n lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn, Tógò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà, Nìjẹ̀, Burkina Faso àti Côte d’Ivoire. Owó tó dájú pé wọ́n jí kó tó mílíọ̀nù 11 dọ́là.

Ohun méjì nínú ìwádìí náà ló kan ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni pé wọn kò lo idán kankan. Irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè rí ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ihò tí wọ́n sì gbà wọlé ló ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n, tí àtúnṣe rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ni kò tún un ṣe.

Èkejì ni sùúrù wọn. Bí wọ́n bá wọlé tán, wọ́n lè jókòó síbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta dé ọdún kan kí wọ́n tó jí kọ́bọ̀. Wọ́n á máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ta ló ń fọwọ́ sí owó, ọjọ́ wo ni ọ́fíìsì máa ń dá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé owó lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́nà. Nínú ọ̀ràn kan, wọ́n lo àkáǹtì tó ju irínwó lọ láti fi tú owó ká kí wọ́n tó gbà á jáde.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá àgbáyé, Interpol, kéde pé ọwọ́ ti tẹ ẹnìkan tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ náà ní Côte d’Ivoire. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kọ́ wa pé ẹni tó bá gba sáfà lónìí tí kò rí olè kankan níbẹ̀ kò tíì lè sọ pé kò sí olè. Ó lè jẹ́ pé olè náà ṣì ń ka ọjọ́ ni.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YẸ SÁFÀ OGÚN WÒ

Báwo ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é? Iṣẹ́ náà ní ìlànà, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí bí àgbà ṣe ń gba ilé ogún.

Èkíní, gba àṣẹ lórí ìwé. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, nítorí náà ẹni tó ń yẹ ààbò wò a máa lo irinṣẹ́ tí olè ń lò. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àṣẹ. Òfin ìjọba Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ka wíwọ ẹ̀rọ onílé láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọ̀gá bá sọ fún yín lẹ́nu lásán pé kí ẹ “wò ó”, ẹ ní kó kọ ọ́: ẹ̀rọ wo, láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo, kí ni ẹ lè fọwọ́ kàn, kí ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Èkejì, ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀rọ àtijọ́ dà bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ kan láti tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ lè wó. Kí ẹ sì gbìyànjú ẹ̀dà náà wò bóyá ó ṣeé ṣí. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Ẹ̀kẹta, ka ilẹ̀kùn. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀ tí kọ̀ǹpútà mìíràn lè gbà bá a sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì ní nọ́ńbà. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Nmap, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 1997. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kan gbogbo ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan kó sọ èyí tó ṣí. Ó máa ń ya àwọn ajogún lẹ́nu bí ilẹ̀kùn ṣe ń pọ̀ tó: èyí tí wọ́n ṣí fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tí wọn kò tì mọ́, èyí tí oníṣẹ́ kan ń gbà láti ilé rẹ̀. Ará Kétu kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Àwọn baba wa wa yàrá yí ìlú ká, wọ́n sì ṣe Àkábà Ìdénà kí ó lè jẹ́ pé ojú ẹ̀ṣọ́ ni àlejò yóò gbà wọlé. Ìlú tó ní ẹnu ọ̀nà díẹ̀ ló rọrùn láti ṣọ́. Ìlẹ̀kùn tí kò bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kí wọ́n tì í.

Ẹ̀kẹrin, ka kọ́kọ́rọ́. Ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ yìí? Èwo nínú wọn ló ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Èwo ló ti kú? Èwo ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Ìbéèrè yìí ni kì í náwó rárá, òun náà ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹni tó lọ kò ní láti jẹ́ èèyàn burúkú. Bí wọ́n bá jí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ níbòmíràn, tí ó sì ń lo ọ̀kan náà níbi gbogbo, olè ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín.

Ẹ̀karùn-ún, béèrè ọjọ́ orí. Gbogbo ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ló ní ọjọ́ tí àwọn tó ṣe é yóò dáwọ́ àtúnṣe dúró. CentOS 7, tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò káàkiri ayé, parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Windows 7 parí ní oṣù Kínní ọdún 2020. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ihò tuntun tí wọ́n bá rí, lílanu ni yóò wà. Ayé rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí ètò olè kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti àwọn kọ̀ǹpútà pa, tó ní àfi kí olóhun san owó. Ó tó orílẹ̀-èdè 150 tó dé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi 19,000 àdéhùn àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà ló fọ́. Oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde. Àwọn tí kò fi sí i, tàbí tí ẹ̀rọ wọn ti dàgbà ju àtúnṣe lọ, ni ìyà náà jẹ.

Ẹ̀kẹfà, wá ẹsẹ̀ olè. Èyí gan-an ni Marriott ìbá ti ṣe ní 2016. Sáfà a máa kọ ìwé ìrántí ohun tó ń ṣe: ta ló wọlé, aago mélòó, láti ibo. Ẹ kà á. Ta ló ń wọlé ní aago méjì òru? Kí ló ń bá ẹ̀rọ kan ní ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀ lálaalẹ́? Ta ló fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń dá ṣe ara rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday? Bí ìwé ìrántí náà bá sì ṣófo, tàbí tí ẹnìkan ti pa á rẹ́, ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì.

Èkeje, to ewu náà bó ṣe wúwo sí. Láti ọdún 1999 ni ìwé àkọsílẹ̀ gbogboogbò kan ti wà tí wọ́n ń kọ ihò tí wọ́n bá rí sí, tí wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n tún ń fún ihò ní máàkì láti 0 dé 10. Ihò kan tí wọ́n kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 nínú ètò tó ń jẹ́ Log4j gba 10, ó sì mú kí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kárí ayé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n máàkì nìkan kọ́ lọ̀rọ̀. Ihò tó gba 10 lára ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá títì tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì lè dúró di ọ̀la. Ihò tó gba 6 lára ẹ̀rọ tó kọjú sí ìta, tí orúkọ àwọn ayáwó sì wà nínú rẹ̀, kò lè dúró. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ fi to ó: ta ló lè dé ibẹ̀, kí ni yóò sì rí kó bó bá débẹ̀?

NÍGBÀ TÍ KÒ BÁ SÍ OHUN TÓ ṢEÉ TÚN ṢE MỌ́

Bí wọ́n bá rí i pé olè ti wọlé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń fẹ́ kí wọ́n yọ ètò olè náà kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í fara mọ́ ọn. Ẹni tó ti gbé inú ilé fún ọdún kan lè ti ro kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá, èyí tí ẹ rí lè jẹ́ ẹyọ kan péré nínú wọn. Ohun tó dájú ni kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ jáde, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fi ètò tuntun sórí ẹ̀rọ tó mọ́, kí wọ́n sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí padà lọ́jọ́ kan náà. Ó ń náwó, ó sì ń dá iṣẹ́ dúró.

Àmọ́ fífi owó pamọ́ níbi tí kò yẹ náà ní iye tó ń náni. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè jí mílíọ̀nù 81 dọ́là lọ́wọ́ báńkì àgbà orílẹ̀-èdè Bangladesh. Ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ sọ pé ohun èlò àlòkù tí kò ju dọ́là mẹ́wàá lọ ni wọ́n fi so àwọn kọ̀ǹpútà báńkì náà pọ̀, kò sì sí odi kankan láàárín wọn àti ìta.

OHUN TÍ ONÍṢÒWÒ ÀTI ALÁJỌ LÈ ṢE

Ẹ má dúró de Kútọnu. Ogún kékeré wà ní Adakplamè náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní kọ̀ǹpútà kan tí akọ̀wé fi ń kọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n yan akọ̀wé tuntun, èyí àtijọ́ sì gbé kọ̀ǹpútà náà fún un níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹ̀rọ ti dé ọwọ́ tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣírí ṣì wà lórí akọ̀wé àtijọ́, ímeèlì ẹgbẹ́ ṣì ń wọlé sórí fóònù rẹ̀, líǹnì MoMo ẹgbẹ́ sì wà lórúkọ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó pín ọtí ayẹyẹ, kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́rin: kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ní sínú ìwé, pẹ̀lú líǹnì àti ímeèlì, kí wọ́n yí gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí padà níṣojú akọ̀wé méjèèjì, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí ibi méjì, kí wọ́n sì jẹ́ kí akọ̀wé àtijọ́ fọwọ́ sí i pé kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ òun mọ́. Èyí kì í ṣe ìfura sí ẹnikẹ́ni. Ó ń dáàbò bo akọ̀wé àtijọ́ náà, kí wọ́n má baà pe orúkọ rẹ̀ bí owó bá sọnù lọ́la.

Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ nu gbogbo inú rẹ̀ kí ó tó kọ orúkọ oníbàárà kan sí i. Ẹni tó bá sì jogún fóònù bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tó ti kú, kí ó má kàn máa lo líǹnì náà lọ. Ó yẹ kí ìdílé lọ sọ fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, kí wọ́n ti àkáǹtì owó orí rẹ̀ bó ṣe tọ́, nítorí ọmọ, àna àti aládùúgbò ti lè mọ nọ́ńbà àṣírí náà nígbà tí olóògbé ń ṣàìsàn.

Ẹ tún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Òfin 2017-20 fún olúkúlùkù láṣẹ láti mọ ohun tí ilé iṣẹ́ kan ní nípa òun, àjọ APDP sì ni ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn èèyàn. Bí ilé ìfowópamọ́ yín bá dara pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí tó yí orúkọ padà, ẹ lọ bi ọ̀gá ibẹ̀ ní gbangba, níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́: “Ẹ̀rọ tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀, ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò látìgbà tí ẹ ti gbà á? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn tó ti lọ, ṣé ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn?” Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ ìwé kó tó lè bi irú ìbéèrè yìí. Ọ̀gá tó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn láìbínú.

Bí owó bá sì lọ lórí fóònù yín láìjẹ́ pé ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má jókòó sílé títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni líǹnì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà, ẹ kọ aago àti iye owó sílẹ̀, ẹ má pa ìfiránṣẹ́ kankan rẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Àwọn olè máa ń fi ọjọ́ ìsinmi sá lọ, nítorí náà wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ní iye.